Ìlù tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ ni Dúró Ládípọ̀ fi kó ìlú jọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, èmi ni mo dábàá pé ká yọ ọmọbìnrin kan kúrò nínú eré wa nítorí pé adití ni.

Ẹgbẹ́ eré kékeré kan la ní ní Agége. Sátidé Sátidé la máa ń pàdé nínú kíláàsì ilé ìwé kan. Aránṣọ wà nínú wa, ọmọ yunifásítì wà níbẹ̀, ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹ́ ṣeré, a kì í lé e. Ohun tí a máa ń sọ fún aráyé nìyẹn. Eré tó wà lọ́wọ́ wa yìí, àwa fúnra wa la jókòó kọ ọ́. Ó dá lórí àdúgbò kan tí omi òjò ń ya wọlé sí lọ́dọọdún, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń bára wọn jà lórí ẹni tó dí gọ́tà, títí omi fi gbé ilé wọn.

Nígbà tí ọjọ́ ìfihàn ń sún mọ́lé, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Onílù wa ló máa ń fi ìlù sọ fún òṣèré pé ó ti kàn án. Ọmọbìnrin yìí kì í gbọ́ ọ. Ìgbà mìíràn á pẹ́ kó tó wọlé, ìgbà mìíràn á yá jù. Mo wá sọ fún àwọn yòókù pé ká jẹ́ kó máa gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Mo tiẹ̀ fi ẹ̀rín sọ ọ́, kó lè jọ pé àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Òun náà wà níbẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń fi fóònù mi wá bí àwọn àgbà ṣe ń lo ìlù lórí ìtàgé, tí mo fi kó sínú ìtàn Dúró Ládípọ̀. Orúkọ yẹn kì í ṣe tuntun sí mi. Bàbá mi máa ń dárúkọ Ọba Kò So bí ẹni ń dárúkọ ìyekan rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọkùnrin kan wà tó ń ṣe Ṣàngó, tó ń yọ iná lẹ́nu. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti dá òun náà dúró lẹ́nu ọ̀nà rí.

Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1931. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Dúró. Ọmọ tí òbí ń bẹ̀ pé kó má padà sọ́run ni Yorùbá ń sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìkókó ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó ti àwọn.

Ilé onígbàgbọ́ ló dàgbà sí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni bàbá rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ẹ mọ bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí láyé ìgbà yẹn: àdúrà àárọ̀, àdúrà alẹ́, orin ìwé, kò sì sí ohun tó kàn ọ́ kan egúngún. Àmọ́ ìlú Ọ̀ṣun ni Òṣogbo. Bí egúngún bá jáde, bí àwọn oníṣàngó bá ń jó, ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run á yọ́ jáde nílé, á lọ wò ó. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe tíṣà, ó sì ń kọ orin fún ìjọ. Ayé méjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì fẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyẹn. Ní ọdún 1961, ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òṣogbo, ó sì kó ìlù wọlé. Dùndún, nínú ilé Ọlọ́run! Inú ń bí àwọn àgbà ìjọ. Lójú tiwọn, ìlù abọ̀rìṣà ni, kò sì yẹ kí ó dún níbi tí wọ́n ti ń yin Jésù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìlù yẹn, torí kì í ṣe ariwo lásán ni Dúró ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i, ẹ mọ ìyọnu tó wà níbẹ̀. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí à ń fi roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí à ń jù lójú ogun: lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ orin ìwé tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nígbà tí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà mọ́ akọrin lẹ́nu. Dùndún kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ló ń tẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tó fi lè ki ènìyàn láìlahùn. Dúró fẹ́ kí Yorùbá fi ohùn Yorùbá kọrin sí Ọlọ́run. Wọ́n ní àyè kò sí fún un.

Ẹlòmíràn á bẹ̀bẹ̀, á kó ìlù jáde, á padà sídìí dùùrù. Dúró gbé orin rẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e lọ sí Ìbàdàn, ó gbé e lọ sórí tẹlifíṣàn, àwọn èèyàn sì gbọ́. Ibẹ̀ ló ti wá mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ̀ nínú ilé kan lè kún ilé mìíràn. Ohun tó kù ni kó wá ilé náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì kan tó ń bá yunifásítì Ìbàdàn ṣiṣẹ́ nígbà náà, ṣí ilé eré sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ibi tí Dúró ti ń ta ọtí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ilé eré. Irú rẹ̀ ti wà n'Ìbàdàn láti ọdún 1961, níbi tí Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo àti àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ti ń kóra jọ. Mbari ni wọ́n ń pe ti Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Igbo ni. Ilé ọnà tí wọ́n ń fi amọ̀ kọ́ láti bọlá fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Igbo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí etí wọn, Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ: bí m̀bá rí i, m̀bá yọ̀. Báyìí ni ilé náà ṣe di Mbárí Mbáyọ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Orúkọ ilé náà gan-an, ẹ̀yà méjì ló sọ ọ́.

Ta ló wá kún ilé náà? Ibi tí mo ti fi fóònù sílẹ̀, tí mo dìde jókòó lórí ibùsùn nìyí.

Kì í ṣe àwọn tó ka ìwé eré ní yunifásítì ni Dúró kó jọ. Àwọn ọmọ ìlú ni, àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé púpọ̀, tí wọn ò sì níṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́. Muraina Oyèlámì ń ṣeré, ó tún ń lu ìlù. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná orí ìtàgé. Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí wà níbẹ̀. Ní ọdún 1964, ọ̀dọ́kùnrin kan wọ Òṣogbo, ijó ló ń jó fún àwọn tó ń polówó oògùn kiri. Ó jó wọ Mbárí Mbáyọ̀, wọ́n sì mú un mọ́ra. Twins Seven-Seven nìyẹn.

Ẹ ka orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i: Jacob, Muraina, Rufus, Jimoh. Ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ Mùsùlùmí ló ń jọ gbé ìtàn Ṣàngó ró, ọmọ òjíṣẹ́ Áńgílíkà sì ni olórí wọn. Ìlú tí wọ́n ti lé ìlù jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì náà nìyẹn o, kò ju ọdún kan sí méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ayàwòrán wá ṣí ilé ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ síbẹ̀, tí Georgina Beier sì darí ti ọdún 1964, àwọn òṣèré yìí náà mú búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ayé ń pè ní oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo lónìí, tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn sí ilé ohun àtijọ́ ní òkè òkun, inú ẹgbẹ́ eré Dúró ni wọ́n ti jáde. Ẹni tó ń tan iná fún eré di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nípa iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ká ní wọ́n wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?

Ẹ má wá rò pé gbogbo ẹni tó bá ti wọlé ló ń ṣe Ṣàngó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Dúró fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe Ọya, kò sì sí ẹni tó rí àwọn méjèèjì lórí ìtàgé tó gbàgbé. Ohun tí Dúró ṣe ni pé ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ́ eré lé e lórí. Ẹni tó mọ ijó, ijó wọ inú eré. Ẹni tó mọ oríkì, oríkì wọ inú eré. Ẹni tó mọ iná tàn, iná di ọ̀rọ̀. Èmi, ohun tí ọmọbìnrin wa kò ní ni mo jókòó tì, mi ò béèrè ohun tó ní rí.

Ní ọdún 1963, nígbà tí Mbárí Mbáyọ̀ pé ọdún kan, wọ́n gbé Ọba Kò So jáde. Ẹ̀yin tí ẹ kò wò ó rí, ìtàn rẹ̀ rèé ní ṣókí. Ṣàngó ọba Ọ̀yọ́ ní jagunjagun méjì, Gbọ́nkáà àti Tìmì. Agbára wọn pọ̀ débi pé ìlú kò sinmi. Ṣàngó fẹ́ fi ọgbọ́n yanjú ọ̀rọ̀, ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, kí ojú òun má rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ó yí padà, ó ta kókó, ó sì wá dé orí Ṣàngó fúnra rẹ̀, títí ìlú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka èyí tán, mo rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ọba tó fi ọgbọ́n rán ènìyàn kúrò lójú! Bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ọba, tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni mo fi rán tèmi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọdún 1964, wọ́n gbé eré yìí lọ sí àjọ̀dún tíátà ní ìlú Berlin ní Jámánì. Ẹ bá mi ro ibẹ̀ wò. Gbọ̀ngàn kún fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, bóyá ká yọ ẹnì kan tàbí méjì. Oríkì ń dún, ìlù ń fọhùn, kò sì sí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wọn. Ní ti èdè Yorùbá, adití ni gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀ eré náà wọ̀ wọ́n lára débi pé orúkọ Dúró gba Yúróòpù kan. Ọdún 1965, Bìrìtéènì pè wọ́n síbi àjọ̀dún ọnà ilẹ̀ Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ó dé Amẹ́ríkà.

Kí ló wọ̀ wọ́n lára tí kì í ṣe ọ̀rọ̀? Ara ni. Ojú ni. Aṣọ, iná, ìrìn ọba tí ìbínú ti gbé wọ̀, bí ọrùn Ọya ṣe ń yí. Bí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wa bá lè jókòó wo eré wa kó sì sunkún, kí ló dé tí ẹni tí kò gbọ́ràn kò fi lè ṣe é?

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. Wọ́n á ní ìyẹn dára lórí bébà, àmọ́ tí a bá ń gba gbogbo ènìyàn wọlé, eré á di yẹpẹrẹ. Mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, bí a bá kó ènìyàn jọ nítorí fọ́tò tí a fẹ́ gbé sórí Instagram. Tí Dúró kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú tó kó jọ ló ń sọ fún un irú eré tí yóò kọ. Nígbà tó gbé ìtàn Mọrèmi jáde ní ọdún 1966, ó nílò àwọn àjèjì tó ń kógun ja Ifẹ̀, àwọn tí ìtàn ní wọ́n ń fi koríko bora. Ó lè ní kí àwọn ọmọ Òṣogbo ṣe bí àjèjì. Dípò bẹ́ẹ̀, ó lọ kó àwọn oníjó láti Agbor, tí èdè wọn yàtọ̀, tí ijó wọn yàtọ̀, ó sì fi wọ́n sínú ẹgbẹ́. Ọdún 1966 mà ni o! Ọdún tí àwọn ológun gba ìjọba lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ̀yà kan ń bẹ̀rù ẹ̀yà kejì káàkiri Nàìjíríà. Lórí ìtàgé kan, ẹ̀yà méjì ń jó pọ̀.

Ó ṣe eré púpọ̀ sí i. Ọba Wàjà ti wà láti ọdún 1964, ìtàn Ẹlẹ́ṣin Ọba ní Ọ̀yọ́ tí òyìnbó dí lọ́wọ́ ní ọdún 1945, kó tó di pé Ṣóyínká náà kọ tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ṣe Bodè Wáàsinmi lórí tẹlifíṣàn, àwọn ìyá wa kan ṣì ń rántí. Lérè Pàímọ́ tí gbogbo wa mọ̀, ó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1978, Dúró kú. Kò tíì pé ọmọ ọdún 47. Ọmọ tí wọ́n bẹ̀ pé kó dúró, kò dúró pẹ́. Abíọ́dún kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà kú mọ́ ọn.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo sọ lójú gbogbo wọn pé ohun tí mo sọ kò dára. Aránṣọ wa, tó gbọ́ èdè ọwọ́ díẹ̀ torí pé àbúrò rẹ̀ náà jẹ́ adití, ló bá mi túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà. Ó tẹ èsì sórí fóònù rẹ̀, ó fi hàn mí. Ó pè mí ní bọ̀dá bó ṣe máa ń pè mí. Ó ní òun ti gbọ́, pé èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́, ó sì ní kí n má sunkún níbẹ̀ torí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Mi ò sì bi í.

Iṣẹ́ yẹn la wá dojú kọ. Onílù wa kúrò ní ẹ̀yìn, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, níbi tí ọmọbìnrin náà ti lè rí apá rẹ̀ tó bá gbé ọ̀pá ìlù sókè. A tẹ́ pákó sílẹ̀, torí ó ní bí ìyáàlù bá dún lórí pákó, ẹsẹ̀ òun á mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń ṣàṣìṣe. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ló wá sọ pé, níwọ̀n bí òun náà kò ti lè gun pákó yẹn, kí a ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i. Ọdún kan tó ti wà pẹ̀lú wa, a kàn máa ń gbé e sókè ni, a ò béèrè bó ṣe rí lára rẹ̀. A ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Lẹ́yìn náà la tún eré kọ. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, gbogbo àdúgbò ń pariwo lé ara wọn lórí, omi sì ń bọ̀. Nínú èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́ ariwo ìjà náà. Òun ló fi ẹsẹ̀ gbọ́ omi. Òun ló ń sáré láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì, tó ń fi ọwọ́ sọ ọ́, tí wọn kò sì kọbi ara sí i torí wọ́n ń jà. Èmi ni mo ń ṣe ẹni tó tì í dànù. Alẹ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, ìyá ẹlẹ́wà bú sẹ́kún, ó ní òun mọ àdúgbò yẹn.

Oṣù tó ń bọ̀ la máa gbé e jáde. A ò tíì rí ẹni tó máa gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ mi síbẹ̀, títí dìgbà tó bá kàn mí láti wọlé.